Ẹni tí ó Tẹ̀lé Aláìsàn

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní wèrè dùn ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. Ènìyàn méjì ni òwe yìí ń sọ̀rọ̀ bá: ẹni tí ó dúró lẹ́bàá ọ̀nà tí ó ń wòran, àti ẹni tí ó bí ọmọ tí wọ́n ń fi ṣe ìran wò. Ibi tí òwe náà dákẹ́ sí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ fún ìdílé tí ó bá kàn. Nígbà tí àwọn òǹwòran bá ti tú ká, tí ilẹ̀ sì ti ṣú, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà nínú ilé tí yóò bu omi ìwẹ̀, tí yóò gbé oúnjẹ kaná, tí yóò ka hóró oògùn sí àtẹ́lẹwọ́, tí yóò máa fi ojú kan sùn, tí yóò sì máa fi ojú kejì ṣọ́nà títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Kì í ṣe fún ọjọ́ kan, kì í sì í ṣe fún ọ̀sẹ̀ kan. Àrùn ọpọlọ a máa wọlé wàrà nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n kì í jáde wàrà.

Ìdílé kan wà ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Ìjàyè-Orílé, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Orúkọ wọn kò ní hàn nínú àkọsílẹ̀ yìí, nítorí pé ọ̀dọ́mọkùnrin tí ọ̀rọ̀ náà kàn ṣì ní ayé tí yóò gbé láàárín àwọn ènìyàn. Ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ni bàbá ń gbìn. Ìyá ni ó ń yan gàrí, tí ó ń sá láfún sórí àpáta, tí ó sì ń kó wọn lọ tà ní Mọníyà. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n bí. Ẹni kẹta nínú wọn ni ó mọ̀wé jù, òun nìkan ni ó sì kọjá ilé-ẹ̀kọ́ gírámà. Láti ọjọ́ tí ó ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni láti kàwé gba ẹ̀rí NCE ni àwọn obìnrin ìdí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ ti ń pe ìyá rẹ̀ ní Ìyá Tíṣà. Wọn kò dúró kí ó jáde ná. Orúkọ náà dùn mọ́ ìyá nínú tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí ẹnì kan bá fi orúkọ àkọ́bí rẹ̀ pè é, kì í tètè dáhùn mọ́.

Ìgbà ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ ni àìsàn náà fojú hàn, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022. Àwọn tí wọ́n jọ ń gbé yàrá sọ lẹ́yìn náà pé ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò ti rí oorun sùn, pé ó ń dá sọ̀rọ̀ lóru, pé ó sì ń sọ fún wọn pé àwọn kan ń ka ohun tí ó wà ní ọkàn òun. Wọ́n rò pé wàhálà ẹ̀kọ́ ni. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, níwájú kíláàsì kẹrin ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí ojú pátákó títí pátákó fi kún, ó nù ún kúrò, ó tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó yíjú padà tí ó ń dá ẹni tí wọn kò rí lóhùn, wọ́n sá jáde. Kí ẹnikẹ́ni tó ránṣẹ́ sílé, àgbàlagbà kan ti yọ fóònù, ó ti ń fi ya fídíò. Nínú gbogbo àwọn tí ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, àwọn ọmọdé nìkan ni wọ́n ní àwíjàre.

Ìdílé wo ni irú èyí yóò dé bá tí kì yóò kọ́kọ́ wádìí ọwọ́ tí ó ṣe é? Ẹnì kan ní igbó ni ó mu. Ẹlòmíràn ní ìwé ni ó kà jù. Àwọn ìbátan bàbá ní kí wọ́n lọ wo ẹ̀yìn ìdílé ìyá. Ọmọ tó dára ni ti bàbá, èyí tí kò dára ni ti ìyá: òwe tí wọ́n fi ń ṣẹ̀fẹ̀ lójú agbo di ẹjọ́ tí obìnrin kan ń rò láàárọ̀ lálẹ́. Bí wọ́n ti ń wá ẹni tí wọn yóò di ẹ̀bi rù ni àkókò ń lọ. Nígbà tí wọn yóò sì gbé ọmọ náà kúrò nílé, ibi tí wọ́n gbé e lọ ni ilé ìtọ́jú kan tí wọ́n ti ń fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ de àwọn aláìsàn mọ́ igi. Oṣù mẹ́rin ni ó lò níbẹ̀. Àpá irin náà wà ní ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ títí di òní.

Èyí kò fi hàn pé òfo ni gbogbo ìmọ̀ àwọn adáhunṣe lórí àrùn yìí. Igi asofẹ́yẹjẹ, tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Rauwolfia vomitoria, ti wà lọ́wọ́ àwọn oníṣègùn Yorùbá fún ìtọ́jú wèrè láti ayébáyé. Ní ọdún 1952 ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ yọ èròjà tí wọ́n pè ní reserpine jáde lára ìbátan igi náà tí ó ń hù ní Íńdíà, wọ́n sì fi tọ́jú àrùn ọpọlọ ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn. Gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ ní èròjà kan náà nínú. Ewé àti egbò kọ́ ni ó burú, bí kò ṣe irin àti ẹgba, àti àṣà kan tí àwọn ènìyàn kì í sábà kà sí ìkà: ẹni tí ó fẹ́ràn aláìsàn jù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dá padà sílé. Ìyá náà a máa gbé oúnjẹ lọ ní ọjọ́ Àìkú. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìtìjú ni ó gbé wọn dé Abẹ́òkúta, kì í ṣe ìmọ̀. Ilé-ìwòsàn tí ó lè tọ́jú ọmọ náà wà ní Ìbàdàn, nítòsí wọn, ṣùgbọ́n ará Ìjàyè àti ará Mọníyà kò wọ́n ní Ìbàdàn lójoojúmọ́, bàbá sì ní ikú yá ju ẹ̀sín. Ìyá ní ìbátan kan tí ó fẹ́ ọkọ sí àdúgbò Ìjàyè ní Abẹ́òkúta. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn lè rò pé orúkọ méjèèjì kàn ṣe kòńgẹ́ ara wọn ni. Ní ọdún 1860 ni ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ìbàdàn àti Ìjàyè. Kúrunmí, Ààrẹ-ọ̀nà-kakaǹfò tí ó jẹ́ olórí Ìjàyè, kú ní 1861 kí ogun tó parí. Ní oṣù kẹta ọdún 1862 ni ìlú náà fọ́. Àwọn Ẹ̀gbá tí wọ́n ti gbè sẹ́yìn Ìjàyè ni wọ́n gba púpọ̀ nínú àwọn tí ogun lé kúrò nílé, ibi tí wọ́n tẹ̀dó sí ní Abẹ́òkúta sì ń jẹ́ Ìjàyè títí di òní yìí. Ẹsẹ̀ ni àwọn yẹn fi rìn. Ìyá àti ọmọ yìí wọ ọkọ̀ ojú irin ní ibùdókọ̀ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Mọníyà, lórí ọ̀nà irin tí ìjọba ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021. Ọmọ jókòó sẹ́bàá fèrèsé. Ìyá di ọwọ́ rẹ̀ mú lábẹ́ ìborùn, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i pé ó ń gbọ̀n.

Àrò tí wọ́n ń lọ kì í ṣe ibi kékeré nínú ìtàn ìwòsàn. Kí ó tó wà, ibi ìhámọ́ ni ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń kọ́ fún àwọn tí orí wọn bá dàrú, irú èyí tí wọ́n ṣí ní Yábàá ní 1907. Ẹni tí ó bá wọ ibẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn ẹbí rẹ̀. Ní Abẹ́òkúta, ọgbà Láńtòrò ni wọ́n kọ́kọ́ lò, láti 1944, nígbà tí àwọn sójà tí ọpọlọ wọn dàrú ń ti ojú ogun àgbáyé kejì bọ̀. Ní ọdún 1954 ni wọ́n fi ilé-ìwòsàn tuntun ní Àrò lé Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò lọ́wọ́. Ọmọ bíbí Abẹ́òkúta ni, wọ́n bí i ní 1923, ó sì ti lọ kọ́ ìmọ̀ ìtọ́jú ọpọlọ wá láti Ìlú Ọba. Wọn kò tíì kọ́ ilé náà tán nígbà tí ó dé. Ẹlòmíràn ìbá jókòó de àwọn bíríkìlà. Lámbò tọ àwọn ará abúlé tí ó yí Àrò ká lọ, ó ní kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé gẹ́gẹ́ bí ayálégbé.

Ìlànà kan wà tí kò ṣe é yẹ̀ nínú ètò náà: aláìsàn kò gbọ́dọ̀ dá wá. Ó kéré tán, ìbátan kan gbọ́dọ̀ bá a wá, ìbáà ṣe ìyá, ìbáà ṣe ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, kí wọ́n jọ máa gbé, kí ó máa se oúnjẹ rẹ̀, kí ó máa fọ aṣọ rẹ̀, kí ó máa mú un lọ sí ilé-ìwòsàn láàárọ̀, kí ó sì mú un padà sí abúlé ní ọ̀sán. Ní ilé-ìwòsàn, aláìsàn a gba abẹ́rẹ́ àti oògùn bí ó ti yẹ kí ó gbà á níbikíbi láyé. Ní abúlé, yóò bá àwọn ènìyàn lọ sóko, yóò ta ayò, yóò jó níbi ìnáwó bí ìnáwó bá wà. Lámbò pe àwọn adáhunṣe pẹ̀lú, ó ní kí wọ́n wá bá òun ṣiṣẹ́. Kì í ṣe gbogbo àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ni ìyẹn tẹ́ lọ́rùn. Nígbà tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ láti ilẹ̀ Áfíríkà àti ibòmíràn pàdé fún àpérò ní Abẹ́òkúta ní 1961, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fẹ́ fojú rí ni àwọn abúlé wọ̀nyí.

Àwọn tí ń yin Lámbò sábà máa ń dá dúró síbi ìbátan tí ó tẹ̀lé aláìsàn. Wọ́n a ní ẹ wo bí ẹbí ti dára tó ní ilẹ̀ Yorùbá. Wọn kì í sọ ìdajì yòókù. Ilé-ìwòsàn náà yá àwọn onílé lówó kí wọ́n lè fi yàrá kún ilé wọn. Wọ́n fa omi ẹ̀rọ dé abúlé, wọ́n gbẹ́ ṣáláńgá, wọ́n rán àwọn tí ń pa ẹ̀fọn lọ síbẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Ìyá tí ó tẹ̀lé ọmọ rẹ̀ dé Àrò ní 1956, bí oorun bá gbé e lọ, ẹlòmíràn wà lójúfò. Ìmọ̀ tí Lámbò ní kì í ṣe pé ẹbí lè ru ẹrù náà. Gbogbo ayé ti mọ èyí tẹ́lẹ̀. Ó mọ̀ pé ẹni tí ó bá ń ru ú yóò ṣubú bí wọn kò bá ki nǹkan bọ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Lámbò lọ di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1963, ó di gíwá ibẹ̀ ní 1968, ó sì lọ sí Àjọ Ìlera Àgbáyé kí ó tó fi ayé sílẹ̀ ní 2004. Abẹ́òkúta ti gbòòrò. Ètò abúlé náà kò sí mọ́ bí ó ti wà nígbà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbátan tí ó tẹ̀lé aláìsàn ṣì ń wá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni ìyá náà fi gbé ilé ìbátan rẹ̀ ní Ìjàyè Abẹ́òkúta, tí ó ń wọ ọkọ̀ lọ sí Àrò láti lọ wo ọmọ. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ ohun tí kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ rí: pé bí oorun bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá lójú ọmọ ni kí ó tètè wí, kí ó má dúró de ariwo, pé hóró funfun kékeré ni ti alẹ́, pé kí ó má ṣe bá a jiyàn lórí ohùn tí ó ń gbọ́, kí ó má sì ṣe sọ pé òun náà gbọ́ ọ. Kò mọ ìwé kà. Ó ń ka oògùn bí ó ti ń ka kóńgò gàrí, kò sì ṣì í kà. Ní abúlé, ẹ̀gẹ́ tí ó yẹ kí wọ́n wú di igi sínú ilẹ̀. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Mọníyà bá ẹlòmíràn lọ.

Wọ́n padà sílé ní ìparí ọdún náà, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ gan-an ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí ó lọ kọ́ ni ó padà wá. Ó sanra. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Itọ́ ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ó bá sùn, ó sì ń sùn títí oòrùn yóò fi là. Bí wọ́n bá bi í léèrè ọ̀rọ̀, yóò pẹ́ kí èsì tó jáde, bí ẹni tí ó ń fa omi láti inú kànga jíjìn. Àwọn aládùúgbò tí wọ́n ti gbàdúrà kí Ọlọ́run wò ó sàn kò mọ ohun tí wọn yóò pe èyí. Àwọn kan ní oògùn ni ó ń pa á lọ. Àwọn obìnrin ìdí ẹ̀rọ kò mọ̀ bóyá kí wọ́n ṣì máa pe ìyá ní Ìyá Tíṣà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní “Ìyá” lásán. Ìyẹn dùn ún ju èébú lọ.

Ní ọdún kejì, ara ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀. Ó ń bẹ ẹ̀gẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín, ó tilẹ̀ tún rọ́dà rédíò bàbá rẹ̀ ṣe. Àkókò tí ó léwu jù nínú ìtọ́jú àrùn yìí ni àkókò tí ó bá dà bí ẹni pé ó ti lọ. Ní ọdún 2023 náírà já wálẹ̀, owó oògùn sì lọ sókè. Ẹni tí ara rẹ̀ ti le, kí ló tún ń lo oògùn sí? Kì í ṣe ẹnì kan ni ó pinnu pé kí wọ́n dá a dúró. Wọn kò rà á ní oṣù kan, nǹkan kan kò ṣe, wọn kò sì rà á ní oṣù kejì. Kí oṣù kẹta tó wọlé, oorun ti dá lójú rẹ̀. Ní òru ọjọ́ kan ó jáde kúrò nílé, ó kọjú sí ọ̀nà Ìsẹ́yìn. Àbúrò rẹ̀ tí ó ń gun ọ̀kadà ni ó wá a kiri títí ilẹ̀ fi mọ́, tí ó bá a lẹ́bàá ọ̀nà pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí ó ti bó.

Ìpàdé tí wọ́n ṣe lẹ́yìn èyí le. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí ó ń ṣòwò ní Mọníyà ni ó ti ń san púpọ̀ nínú owó náà, ọkọ rẹ̀ sì ti ń kùn. Ó ní, “Màámi, ṣé ẹ ti gbàgbé pé ọmọ yín ni àwa náà?” Ìyá kò bínú. Ó ní, “Ẹ̀yin ti ní ẹsẹ̀ tí ẹ fi ń rìn. Ẹsẹ̀ tirẹ̀ ni mo ń bá a wá.” Kò sí ẹni tí ó jàre nínú àwọn méjèèjì, kò sì sí ẹni tí ó jẹ̀bi. Ìbéèrè ọmọbìnrin náà ni ó ń bẹ nínú ọ̀pọ̀ ilé tí wọn kì í jẹ́ kí ó jáde lẹ́nu, tí ó sì ń jẹ wọ́n run láti inú.

Bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ nínú ilé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwà rere nìkan. Ní Lọ́ńdọ̀nù, George Brown àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde ní 1972 lórí àwọn aláìsàn 101 tí wọ́n ní àrùn ọpọlọ tí àwọn oníṣègùn ń pè ní schizophrenia, tí wọ́n ti ilé-ìwòsàn padà sọ́dọ̀ àwọn ẹbí wọn. Láàárín oṣù mẹ́sàn-án, nínú àwọn tí wọ́n padà sí ilé tí àríwísí, ìkanra tàbí àníyàn àṣejù pọ̀ sí, ìdá 58 nínú 100 ni àìsàn náà tún dìde sí. Nínú àwọn tí ilé wọn tutù, ìdá 16 péré ni. Ìmọ̀ yìí ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n idà olójú méjì ni. Ó rọrùn láti yọ ọ́ sí ìyá tí kò sùn fún ọjọ́ mẹ́ta tí ó wá jágbe mọ́ ọmọ rẹ̀, kí wọ́n tún di ẹ̀bi rù ú lẹ́ẹ̀kejì.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwádìí mìíràn tí Ìbàdàn ní ipa nínú rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní ìparí àwọn ọdún 1960 ní ìlú mẹ́sàn-án, lára wọn ni Ìbàdàn, Agra ní Íńdíà, Cali ní Kòlóḿbíà, Lọ́ńdọ̀nù, Mọ́síkò àti Washington. Lẹ́yìn ọdún méjì, ara àwọn aláìsàn Ìbàdàn, Agra àti Cali yá ju ti àwọn ìlú ọlọ́rọ̀ lọ ní ọ̀nà púpọ̀. Àwọn onímọ̀ ti ń jiyàn lórí ohun tí ó fà á láti ìgbà náà. Ìdáhùn tí ó wọ́pọ̀ jù ni pé ẹbí ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ó yẹ kí ẹni tí ń kọ́ni ní àṣà Yorùbá bi ara rẹ̀ léèrè ta ni à ń pè ní ẹbí nínú gbólóhùn náà. Nígbà ìnáwó, ẹbí a kún ojúde. Nígbà àmódi ọlọ́jọ́ pípẹ́, bí wọ́n bá ka orí, obìnrin kan ni ó sábà máa ń kù, pẹ̀lú ọmọ kan tí ó ń fowó ránṣẹ́.

Ní ìdílé yìí, bàbá ni ó yí padà, láìsọ nǹkan kan. Ọkùnrin náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ìtìjú sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mú un kúrò láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn òru ọ̀nà Ìsẹ́yìn, ó gbé àga rẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà yàrá ọmọ. Láti ìgbà náà, òun ni ó ń ṣọ́ ìdajì òru àkọ́kọ́ kí ìyá lè sùn. Nígbà tí ọmọ ti tún ń lo oògùn tí ara rẹ̀ ti rọ̀, bàbá fún un ní ọgọ́rùn-ún ebè, kì í ṣe kí ó bá òun ro ó, bí kò ṣe pé tirẹ̀ ni. Bí ó bá ro mẹ́wàá lóòjọ́, ó dára. Bí ó bá ro méjì tí ó sì lọ sùn, bàbá kì í wí nǹkan kan, kì í sì í bá a ro ìyókù. Èkùrọ́ hù láàárín ẹ̀gẹ́ náà, èpò bò ó, ṣùgbọ́n wọ́n wú u, wọ́n rin ín, ìyá sì tà á lọ́tọ̀, ó gbé owó rẹ̀ fún un.

Àwọn ọmọ abúlé ni wọ́n kọ́kọ́ tún pè é ní Tíṣà. Wọ́n kó iṣẹ́ àṣetiléwá ìṣirò wá bá a ní ìrọ̀lẹ́, nítorí pé kò sí ẹlòmíràn tí ó mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́ ni ó fi ṣe pátákó. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ìlà rẹ̀ kì í tọ́, wọn kò sì bìkítà. Ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti kọ̀wé pé ó lè padà wá parí ìdánrawò rẹ̀ bí dókítà bá fọwọ́ sí i. Ìwé náà wà nínú àpò ìyá. Ọmọ ní òun kò tíì fẹ́ dúró níwájú kíláàsì kẹrin. Wọn kò fi ipá mú un.

Dókítà ni ó bi wọ́n léèrè ìdí tí àwọn tí ń gbé lẹ́bàá Ìbàdàn fi ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Abẹ́òkúta ní oṣooṣù. Ìyá kò rí èsì fọ̀. Owó ọkọ̀ tí ìtìjú ti jẹ ìbá ti ra oògùn tí wọn kò rà. Òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2023, ti rọ́pò òfin àtijọ́ tí ó jogún ọ̀rọ̀ àti èrò àwọn amúnisìn, tí ń pe irú ọmọ yìí ní wèrè nínú ìwé ìjọba. Ṣùgbọ́n òfin kì í bá ènìyàn wọ ọkọ̀. Ó gba bàbá ní oṣù méjì kí ó tó gbà pé kí wọ́n lọ sí Ìbàdàn, sí ilé-ìwòsàn ńlá UCH, níbi tí gbogbo ojú wà.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n lọ, ìyá fi ìborùn bo iwájú orí. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì. Ẹnì kan pè é láti ẹ̀yìn: “Ìyá Tíṣà!” Obìnrin kan tí wọ́n ti jọ ń ta gàrí ní Mọníyà fún ọdún mẹ́jọ ni, ọkọ rẹ̀ ni ó sì mú wá. Ó ti tó ọdún márùn-ún tí ó ti ń mú un wá. Àwọn méjèèjì wo ara wọn fún ìgbà díẹ̀ kí ẹnì kan nínú wọn tó lè sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, ìyá tú ìborùn náà, ó ká a, ó sì fi tẹ́ ẹsẹ̀ bẹ́ńṣì fún ọkọ ẹnìkejì rẹ̀ láti jókòó, nítorí pé ibẹ̀ tutù.

Wọ́n ti yí ọjọ́ ìpàdé wọn padà báyìí kí ó má baà bọ́ sí ọjọ́ kan náà. Bí ìyá bá mú ọmọ lọ sí Ìbàdàn, obìnrin yìí ni ó ń bá a ta gàrí. Bí ó bá kan ẹnìkejì, ìyá a jókòó ti àtẹ méjèèjì. Wọ́n jọ ń ṣírò owó ní ìrọ̀lẹ́, lórí àpótí kan náà, kí wọ́n tó wọkọ̀ lọ sílé.